Aago Tí Kì í Ka Òkùnkùn

Ẹni tí ó bá gba òpópónà Ìkòròdú kọjá ní àṣálẹ́, tí ó ti Ojóta wọ Kétu, tí ó ń lọ sí Máìlì 12 níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé tí ó ru tòmátì, àlùbọ́sà àti iṣu wá láti Òkè Ọya ti máa ń tò bí ìjàlọ, ẹni náà yóò rí i pé ìmọ́lẹ̀ ilé kan kò jọ ti èkejì: òmíràn ń tàn yòò, òmíràn dúdú bí ìdí ìkòkò, òmíràn sì ń ṣẹ́jú bí ẹni tí oorun ń kùn. Lẹ́yìn irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ohun kékeré tí mo fẹ́ pa ìtàn rẹ̀ wà, èyí tí à ń pè ní táímà, aago tí a fi ń pàṣẹ fún gílóòbù ẹnu ọ̀nà pé kí ó tàn ní agogo méje alẹ́, kí ó sì kú ní agogo mẹ́fà òwúrọ̀, ìbáà jẹ́ pé onílé wà nílé, ìbáà jẹ́ pé ó ti re àjò.

Èyí tí mo fi sí ara ògiri tèmi ní Kétu kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ó fi já mi kulẹ̀. Agogo mọ́kànlá òru ni ó tó tan iná. Nígbà tí ilẹ̀ sì mọ́, tí agogo mẹ́wàá ń lọ lù, gílóòbù náà ṣì ń tàn nínú oòrùn gangan, bí ẹni tí ń fi àtùpà wá ohun tí kò sọnù. Mo pe wáyàmáàǹ àdúgbò. Ọmọkùnrin náà kò tilẹ̀ mú tẹ́sítà jáde nínú àpò rẹ̀ tí ó fi bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, láti ìgbà tí ẹ ti ṣètò aago yìí, wákàtí mélòó ni iná fi lọ?” Mo ka ìka mi: wákàtí mẹ́rin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ò rí i pé kò purọ́ fún yín. Wákàtí tí ó rí iná nìkan ni ó kà.”

Ọ̀rọ̀ ọmọ náà kún fún ìmọ̀. Irú táímà bẹ́ẹ̀, tí ó ní àwo tí a fi ọwọ́ yí, kò ní bátìrì, kò sì ní ohun tí à ń wé. Ẹ̀rọ tíńtín kan ni ó ń yí àwo náà, ẹ̀rọ ọ̀hún sì ń jó sí ìlù iná fúnra rẹ̀, èyí tí ó yẹ kí ó máa lù ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ìlù bá falẹ̀, oníjó a falẹ̀. Bí onílù bá sùn, oníjó a dúró sí ojú kan. Henry Warren, ará Amẹ́ríkà, tí ó gbé irú ẹ̀rọ yìí wọ inú aago ilé, rí i pé aago òun kò bá àkókò mu, ó sì wòye pé kì í ṣe aago ni ó ń ṣàìsàn, ìlù ilé iṣẹ́ iná ni kò dọ́gba. Nítorí náà ni ó ṣe gbé aago òdiwọ̀n kan lọ fún wọn ní Boston ní ọdún 1916, kí àwọn tí ń ṣe iná lè máa fi tún ìlù wọn ṣe. Orísun ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ wò, kì í ṣe ẹnu omi.

Kí irú aago bẹ́ẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ wa, ojú ènìyàn ni táímà. Ní ayé àwọn ìyá wa àgbà, fìtílà epo pupa tí a fi òwú sí ni à ń tàn, lẹ́yìn náà ni àtùpà kẹrosíìnì. Ìyá àgbà á jókòó ti fìtílà rẹ̀, bí iná bá sì ti ń relẹ̀, á fi ìka fa òwú sókè díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ á tún sọjí. Kò sí ẹni tí ó sọ agogo fún un. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ òkùnkùn kì í dá òṣùpá lóró, ìyá àgbà sì mọ iṣẹ́ òkùnkùn.

Ní 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Èkó Àkéte, ọdún 15 lẹ́yìn tí wọ́n tan irú rẹ̀ fún ará ìlú ní Godalming nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1923 ni ilé iṣẹ́ iná Ìjọ́rà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, èédú ni wọ́n ń jó níbẹ̀. Ní 1950 ni òfin dá àjọ iná mànàmáná ECN sílẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, ìmọ́lẹ̀ erékùṣù kò tètè dé ọ̀nà oko, orúkọ Máìlì 12 pàápàá sì ń jẹ́rìí sí i bí ibẹ̀ ti jìnnà tó, nítorí pé máìlì méjìlá tí a kà láti Èkó ni wọ́n fi sọ ọ́. Ìdídò Kainji lórí odò Ọya bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa ní iná ní 1968. Òfin tí ó so ECN àti àjọ àwọn ìdídò odò Ọya pọ̀ di NEPA jáde ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin 1972. Ọjọ́ kejì rẹ̀ gan-an ni gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà kúrò ní ọwọ́ òsì, tí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ọkọ̀ yí ọ̀nà padà ní ọjọ́ kan, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Ti iná kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní 1985 ni ilé iṣẹ́ iná Ẹ̀gbìn bẹ̀rẹ̀, ní etí ọ̀sà lápá Ìjẹ̀dẹ́, tí agbára rẹ̀ jẹ́ mẹ́gáwáàtì 1,320, kò sì jìnnà sí wa. Àwọn àgbà ní a kì í gbé etí odò ká máa fi itọ́ ṣanjú, ṣùgbọ́n ara Kétu mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí pé inú okùn kan náà ni gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ti ń bu iná mu. NEPA di PHCN ní 2005. Ní 2013 ni pínpín iná apá ọ̀dọ̀ wa bọ́ sí ọwọ́ ilé iṣẹ́ aládàáni, tí a wá mọ̀ sí Ikeja Electric. Orúkọ yí padà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, igbe àwọn ọmọdé kò yí: bí iná bá dé lónìí, “Up NEPA!” ni wọn yóò ké.

Nínú ayé báyìí ni táímà dé, láti ọjà Aláàbà àti nínú àpótí àwọn ará ìlú òyìnbó. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun kòṣeémánìí ni, nítorí pé oòrùn Lọ́ńdọ̀nù a máa wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù ní oṣù Kejìlá, kò sì ní í wọ̀ ní oṣù Kẹfà títí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Oòrùn Èkó kì í ṣe alárìnkiri. Ìyàtọ̀ wíwọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin kò ju nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú lọ. Aago wa kì í sì í sún. Láti 1919 ni ó ti fi wákàtí kan ṣíwájú ti Greenwich, nígbà tí ti Gẹ̀ẹ́sì ń sún lọ ní oṣù Kẹta, tí ó ń sún bọ̀ ní oṣù Kẹwàá. Nítorí náà ni táímà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àbúrò ẹni fi ránṣẹ́ láti Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, bí a kò bá yí ìlú rẹ̀ sí Èkó, ṣe máa ń ṣe dáadáa nígbà tí aago Gẹ̀ẹ́sì bá tiwa dọ́gba, tí yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí kan pẹ́ nígbà tí ọyẹ́ bá ń bọ̀. Onílé á ní ó ti bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ó ń ka wákàtí rẹ̀ pé pérépéré, ti ìlú mìíràn ni.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Wáyàmáàǹ mi sọ fún mi pé èyí tí ó ní ojú dígí tí ń fi nọ́ńbà hàn ní bátìrì kékeré nínú, ṣùgbọ́n bí iná bá pẹ́ lọ jù, bátìrì á kú, gbogbo ohun tí a kọ́ ọ á sì parẹ́. Ó ní òmíràn, irin inú rẹ̀ tí ń fẹnu kan ara ni ó ti jó lẹ̀ mọ́ra, tí gílóòbù kì í fi í kú mọ́. Ó ní nígbà mìíràn, gílóòbù ni ó ti jó, tí wọ́n ń bá aago wí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí kò fi jẹ́ mú tẹ́sítà kí ó tó béèrè ọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo bi í pé èló ni èmi yóò san, ó ní kò sí ohun tí òun tún ṣe. Ó kàn fi hàn mí pé kí n máa yí àwo náà sí ọ̀nà tí ọfà ara rẹ̀ kọjú sí, kí n má ṣe dá a padà sẹ́yìn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ti ń pe ìrun Mọgàríbì ní mọ́ṣáláṣí ìsàlẹ̀ àdúgbò, mo máa ń dúró níwájú táímà mi, mo máa ń rántí iye wákàtí tí iná fi lọ láti àná, mo sì máa ń fi àtàǹpàkò ti àwo náà síwájú díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyá àgbà ti máa ń fa òwú fìtílà sókè.