Bí A Ṣe Ń Fi Etí Mọ Ẹyẹ Igbó

Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ẹnu òrófó ní í pa òrófó; òrófó yé ẹyin mẹ́fà, ó ní ilé òun kún." Ẹni tí kò lè pa ẹnu rẹ̀ mọ́ ni a sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá tún un gbé yẹ̀wò, a óò rí i pé ẹ̀rí mìíràn wà nínú rẹ̀. Òrófó jẹ́ ẹyẹ aláwọ̀ ewé. Bí ó bá bà sórí igi ọ̀pọ̀tọ́ láti jẹ èso rẹ̀, ènìyàn lè dúró ní ìdí igi náà pẹ́ títí kí ó má rí i, nítorí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ewé mu. Ìgbà tí ó bá fọhùn ni ọdẹ tó mọ ibi tí ó wà. Nítorí náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe yìí kì í ṣe ọlọ́gbọ́n ọ̀rọ̀ nìkan. Etí rẹ̀ ti mọ ohùn òrófó yàtọ̀ sí ti àwọn ẹyẹ yòókù.

Ìmọ̀ yìí, èyíinì ni mímọ ẹyẹ nípa ohùn rẹ̀, ni mo fẹ́ kí àwa àti ẹ̀yin òǹkàwé jọ gbé yẹ̀wò: bí ó ti ṣe dé ọwọ́ wa, ohun tí a fi pa á mọ́, àti ewu tí ó wà lórí rẹ̀ lónìí, pàápàá ní Ìsọlọ̀ àti Òṣòdì níbi tí èmi ń gbé.

Igbó ńlá ilẹ̀ wa kì í ṣe ibi tí ojú ti ń ṣiṣẹ́ dáradára. Orí àwọn igi gíga so mọ́ ara wọn lókè, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ó ń jò wá sí ilẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹyẹ ni ó sì ń gbé òkè téńté níbi tí ojú kò tó. Àwọn mìíràn ń gbé ìsàlẹ̀ láàrin ìtàkùn, wọ́n sì jọ ara wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá a máa ṣe àṣìṣe bí wọ́n bá fi ojú nìkan wò wọ́n. Ohùn wọn ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ọdẹ ayé àtijọ́ mọ èyí dájú. Bí àwọn ẹyẹ kéékèèké bá ṣa ara wọn jọ sórí ẹ̀ka kan, tí wọ́n ń ké kíkankíkan, ọdẹ mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ejò tàbí òwìwí ni wọ́n rí, kò sì ní í kọjá lábẹ́ igi náà láìwòkè. Nínú ìjálá ni wọ́n ń kó irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí, tí wọ́n ń ki ẹyẹ bí wọ́n ti ń ki ẹranko àti ènìyàn. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babalọlá kọ ìwé ńlá lórí ìjálá, tí a tẹ̀ jáde ní 1966. Ẹni tí ó bá kà á yóò mọ̀ pé àwọn baba wa kò fi ojú yẹpẹrẹ wo ẹ̀dá igbó.

Nígbà tí ìwé dé, iṣẹ́ ìpamọ́ náà gba ọ̀nà mìíràn. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843. Ó mú un gbòòrò sí i ní 1852, ó sì fi òwe púpọ̀ kún un. Ní 1875 àpérò kan jókòó ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè wa sílẹ̀, nígbà tí ó sì di 1913, ìwé atúmọ̀-èdè ti C.M.S. jáde ní Èkó. Báyìí ni orúkọ ẹyẹ wa ṣe bọ́ sínú ìwé, tí a sì ń fi àmì sórí wọn kí a lè mọ ibi tí ohùn gbé gòkè àti ibi tí ó gbé sọ̀kalẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé pa orúkọ mọ́. Kò pa ohùn mọ́.

Èmi tìkára mi jẹ́ ẹlẹ́rìí sí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìtìjú fún mi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìwé kíkà Yorùbá ní Ìsọlọ̀. A kan ọ̀rọ̀ náà, ẹlúlùú. Mo kọ ọ́ sójú pátákó, mo fi àmì sí i bí ó ti tọ́, mo sì pa òwe rẹ̀ fún wọn pé, "Ẹlúlùú, ìwọ ni ó fi òjò pa ara rẹ." Mo ṣàlàyé pé àwọn baba wa gbà pé bí ẹyẹ náà bá ké, òjò ń bọ̀. Ọmọkùnrin kan dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, báwo ni ó ṣe ń ké?" Mo dákẹ́. Mo mọ orúkọ, mo mọ àmì, mo mọ òwe. N kò mọ ẹyẹ. Mo ní kí ó jókòó, mo sì ṣí ojú ìwé tí ó tẹ̀lé e. Ọkàn mi kò balẹ̀ ní ọjọ́ náà.

Báwo ni ó ṣe di pé ọmọ Yorùbá tí ó ti lé ní ogójì ọdún kò mọ ohùn ẹlúlùú? Ìtàn ibi tí a ń gbé lè dáhùn díẹ̀. Ní 1896 ni a bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sí òkè ọ̀run ilẹ̀ Yorùbá, ní 1901 sì ni a ṣí i dé Ìbàdàn. Òṣòdì wà lójú ọ̀nà náà. Oko àti igbó ni ó yí àwọn abúlé ìhà ibẹ̀ ká nígbà náà. Lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ dé, ọ̀nà márosẹ̀ láti Òṣòdì lọ sí Àpápá sì tẹ̀lé e. Ní 2019 a ṣí ibùdókọ̀ ńlá alájà púpọ̀ ní Òṣòdì. Èmi kò bú ìlọsíwájú. Mo ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ariwo mọ́tò àti ẹ̀rọ amúnáwá ti bo etí wa, a sì rò pé ẹyẹ ti tán.

Wọn kò tíì tán. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo kọjá létí kánáàlì Òkè-Afà, níbi tí ìyá àgbà kan ti ń bomi rin ẹ̀fọ́ rẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá." Kí ó tó dáhùn, ohùn kan jáde láti inú koríko gíga, ó nípọn, ó sì ń sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tí ń tú jáde láti inú agbè ẹlẹ́nu tóóró.

Ìyá náà na ọwọ́ sí mi. "Ẹ dúró ná, Olùkọ́. Ẹ gbọ́? Ẹlúlùú nìyẹn. Èkejì rẹ̀ máa dá a lóhùn nísinsìnyí."

Kò pẹ́, òmíràn dáhùn láti òdì kejì omi. Mo yà á lẹ́nu nígbà tí mo sọ fún un pé ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti ń gbọ́ ohùn yìí láràárọ̀, tí mo sì ń rò pé àdàbà ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ti ń gbọ́ ọ, ẹ kò tíì tẹ́tí sí i ni." Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, mo dá ọmọkùnrin nì lóhùn lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, mo sì lè sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Èkíní, àárọ̀ kùtùkùtù ni àkókò rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ dákẹ́, ohùn sì ń rìn jìnnà. Èkejì, ẹyẹ kan ṣoṣo ni kí ènìyàn kọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ gbogbo wọn ní ọjọ́ kan kò ní í mọ ọ̀kan. Ẹ̀kẹta, kí a mọ ìyàtọ̀ láàrin orin àti igbe. Orin ni ẹyẹ fi ń pe aya, tí ó sì fi ń kìlọ̀ fún ẹlòmíràn pé ilẹ̀ ti òun nìyí. Igbe kúkúrú ni ó fi ń kéde ewu. Ẹ̀kẹrin, kí a ka iye ìró, kí a sì wo bí wọ́n ti ń gòkè tàbí sọ̀kalẹ̀.

Níbi yìí gan-an ni àwa Yorùbá ti ní àǹfààní tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kò ní. Àmì tí àwọn baba wa nínú ìwé fi sórí ọ̀rọ̀ lè kọ ohùn ẹyẹ pẹ̀lú. Ẹyẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Cuculus solitarius, tí ń ké ní ìgbà òjò. Ìró mẹ́ta ni tirẹ̀, wọ́n sì ń sọ̀kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Ọmọdé tí ó mọ àmì ohùn lè kọ ọ́ báyìí: kú-ku-kù. Bákan náà ni àdàbà, tí a ń fi orúkọ kan pe oríṣiríṣi wọn. Ọ̀kan wà tí ń ké ìró mẹ́fà tí ó wúwo. Òmíràn tí ń bà sórí òrùlé wa ń ké wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí ń rẹ́rìn-ín sínú. Orúkọ dà wọ́n pọ̀. Ohùn yà wọ́n.

Àwọn ará òkèèrè náà kò jókòó lásán. Ní 1889, ní ilẹ̀ Jámánì, ọmọdé kan tí ń jẹ́ Ludwig Koch fi ẹ̀rọ Edison gba ohùn ẹyẹ sílẹ̀. Láàrin 1930 àti 1951, Bannerman kọ ìwé mẹ́jọ lórí àwọn ẹyẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní 1958, Elgood, tí ń kọ́ni ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, kéde ẹyẹ kan fún gbogbo ayé, ó sì fi orúkọ ìlú náà pè é: Malimbus ibadanensis, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n. Dókítà ará Faransé kan, Claude Chappuis, rìn káàkiri Áfíríkà pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀, ní 2000 ó sì gbé àwo 15 jáde, tí ohùn irú ẹyẹ 1,466 wà nínú wọn. Láti 2005, ẹnikẹ́ni lè gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ibi tí a ń pè ní xeno-canto, kí ó sì fi tirẹ̀ kún un.

Nítorí náà ohùn ti rí ibi ìpamọ́, orúkọ sì ti rí tirẹ̀ láti ọjọ́ Crowther. Ohun tí ó kù ni ẹni tí yóò so àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹ̀rọ lè sọ fún wa pé Centropus senegalensis ni ó ń ké; kò lè sọ pé ẹlúlùú ni, ẹni tí ó fi òjò pa ara rẹ̀. Àwọn bí ìyá létí kánáàlì nì ni ó mọ̀ ọ́n, wọ́n sì ń darúgbó. Bí wọ́n bá lọ kí a tó bi wọ́n, àwọn ọmọ wa yóò máa ka orúkọ láìmọ ohùn, wọn yóò sì máa gbọ́ ohùn láìmọ orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa jí ní kùtùkùtù ọ̀la, kí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ariwo, kí ó sì gbọ́ ẹyẹ kan. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kí ó lọ bi àgbà ilé. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá bi í ní ọjọ́ iwájú pé, "Báwo ni ó ṣe ń ké?", kò ní í sọ fún un pé kí ó jókòó.