Èèpo Igi Ilé Ìwòsàn

Ohun tí a ní là ń náání. Ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi. Ẹni tí kò fi igi dáná rí lè rò pé ìṣẹ́ ni òwe yìí ń ròyìn. Rárá o. Èèpo gbígbẹ la fi ń ran iná kí igi ńlá tó mú un, ọmọ aṣẹ́gità sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó tún mọ èyí tó ti rà tàbí tí ikán ti jẹ, kì í di ìyẹn mọ́ igi tó ń gbé lọ sílé. Ẹni tó mọ nǹkan náání gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣà.

Ṣíṣà yìí gan-an ni pàǹtí ilé ìwòsàn ń fẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé pé nǹkan bí 85% pàǹtí náà kò yàtọ̀ sí ti inú ilé: páálí, bébà, ike, àjẹkù oúnjẹ. Nǹkan bí 15% tó kù ló léwu, bí abẹ́rẹ́, kẹ́míkà àti ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn. Ṣùgbọ́n bí a bá ju òwú ẹlẹ́jẹ̀ kan ṣoṣo sínú garawa páálí, gbogbo garawa náà di eléwu. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn ni àǹfààní ti ń bọ́, kí ẹnikẹ́ni tó gbé nǹkan dé ààtàn.

Ní ìlú Ara lẹ́bàá Ẹdẹ ní Ọ̀ṣun, bíi káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn àgbà ti ń ya ohun tí ẹ̀jẹ̀ kàn sọ́tọ̀ tipẹ́. Bí obìnrin bá bímọ, ibi ọmọ kì í bá ìdọ̀tí lọ; sísin ni wọ́n ń sin ín. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ń di ibi fún mọ̀lẹ́bí gbé lọ. Kò sí dókítà tí yóò bá wọn jà, bí ihò náà bá ti jìn tó, tí kò sì sún mọ́ kànga.

Abẹ́rẹ́ kò sí lára ohun tí à ń náání. Ní 2010 nìkan, abẹ́rẹ́ tí wọn kò fún ènìyàn bó ṣe yẹ kó àrùn ẹ̀dọ̀ irú B ran nǹkan bí mílíọ̀nù 1.7 ènìyàn káyé, ó sì kó HIV ran nǹkan bí 33,800. Inú àpótí rẹ̀ ni kí ó wà títí wọn yóò fi pa á run.

Ti ike dírípù yàtọ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ilé iṣẹ́ Netcare àti Adcock Ingram Critical Care ń kó ọ̀rá dírípù àti rọ́bà rẹ̀ tí kò léwu jọ, wọ́n ń fi wọ́n ṣe bàtà iléèwé fún àwọn ọmọ tí kò ní. Ọ̀rá 20 tó bàtà ẹsẹ̀ méjèèjì. PVC ni wọ́n fi ṣe irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Bí a bá dáná sun ún lẹ́yìnkùlé, èéfín rẹ̀ máa ń ní dioxin, èyí tó lè fa jẹjẹrẹ.

Ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ tó dunni jù. Lora Perry àti Robert Malkin ṣèwádìí ẹ̀rọ ìṣègùn tó lé ní 112,000 ní orílẹ̀-èdè 16 tí kò rí já jẹ. Nínú ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2011, 38.3% wọn ni kò ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ irú wọn ló wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wa, tí eruku bò, nígbà tí ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé ń gbọ̀n nínú òtútù. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ Nàìjíríà tó ń bá Imperial College London ṣiṣẹ́, kò gbà pé òkú ni ínkúbétọ̀ tó bàjẹ́. Ó fi òde ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bó ṣe wà, ó pààrọ̀ inú rẹ̀ sí ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ lọ́jà, ẹ̀rọ náà sì tún ń mú ọmọ móoru ní owó tó kéré sí ti tuntun. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá ní Nàìjíríà ló jàǹfààní rẹ̀. Ní 2023, òun ló gba Ẹ̀bùn Sáyẹ́ǹsì Nàìjíríà, $100,000, fún àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń ran ìkókó lọ́wọ́ láti mí.

Ohun tí Amadi ṣe kò kọjá agbára àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ wa. Kí aláṣẹ ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀ṣun ṣí yàrá tí wọ́n kó ẹ̀rọ tó bàjẹ́ sí, kí ó ka ohun tó wà níbẹ̀, kí ó sì pe ẹni tó lè tún un ṣe kó tó kọ̀wé béèrè fún tuntun.