Katakata Fún Oko Orí Òkè

Ẹ̀yin ìyá wa, oko ẹgbẹ́ wa lórí òkè ń fẹ́ katakata, àwọn kan sì ní ká ra èyí tí owó rẹ̀ kéré jù. Ẹ gbọ́ ná. Ní 1917 ni Henry Ford gbé Fordson jáde ní Amẹ́ríkà. Owó pọ́ọ́kú ni, àwọn àgbẹ̀ rọ́ lọ rà á. Àmọ́ bí ohun ìtúlẹ̀ bá há mọ́ gbòǹgbò, iwájú rẹ̀ á gbé sókè, á yí dànù sẹ́yìn, á tẹ awakọ̀ pa. Sweden ló kọ́kọ́ ṣòfin, ní 1959, pé katakata tuntun gbọ́dọ̀ ní irin ààbò lórí awakọ̀. Ọdún méjìlélógójì gbáko! Ikú sì dínkù níbẹ̀. Àwọn ọmọ wa ló máa wa tiwa o. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, èyí tó rẹlẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, tó ní irin yẹn pẹ̀lú bẹ́líìtì ìjókòó, ni ká rà, bó tilẹ̀ wọ́n.