Etí Òkun Bonny: Ìrántí Ọmọ Ogun Kan Ará Odògbólú

Èmi kì í ṣe onímọ̀ ìtàn. Ìmọ̀ èdè ni iṣẹ́ mi. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú bí mo bá gba ẹnu ọ̀nà ọ̀rọ̀ wọ inú ìtàn tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí.

Nígbà tí a bá ń gbàdúrà fún ẹni tí ó ń rin ìrìn àjò, a máa ń wí pé kí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò àti àwọn apẹja ni ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ gúnlẹ̀ mọ ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó wà létí omi sì ń retí rẹ̀ láti bá a ná ọjà. Kí ni a ó wá pe ti ọmọ ogun tí wọ́n fi ọkọ̀ gbé dé etí òkun ìlú tí kò mọ̀ rí, tí ẹni tí ó ń retí rẹ̀ létí omi sì di ìbọn mú? Bàbá kan wà ní Odògbólú, ní àdúgbò tí a gbé tọ́ mi dàgbà, tí ó wà lára àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tí ó gba ìlú Bonny ní oṣù keje ọdún 1967. Bàbá náà ti dolóògbé báyìí. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń sọ ìtàn náà fún wa, n kò gbọ́ kí ó sọ pé àwọn gúnlẹ̀ rí. Ohun tí ó máa ń wí ni pé, "Wọ́n dà wá sómi," bí ìgbà tí ènìyàn bá ń da ẹ̀wà sínú ìkòkò.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ó wà láàárín wa. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1967 ni Ọ̀gágun Ojukwu kéde pé Ìlà-Oòrùn Nàìjíríà ti di orílẹ̀-èdè Bìáfrà. Ní ọjọ́ kẹfà oṣù keje, ogun bẹ̀rẹ̀ láti ìhà àríwá. Ṣùgbọ́n ìjọba àpapọ̀, tí Yakubu Gowon jẹ́ olórí rẹ̀, mọ̀ pé bí ọ̀nà òkun bá ṣí sílẹ̀ fún Bìáfrà, ìbọn àti oúnjẹ yóò máa wọlé fún wọn láti òkè òkun, owó epo rọ̀bì yóò sì máa wọ àpò wọn. Bonny ni kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn náà. Ẹnu odò ni ìlú náà wà, níbi tí odò Bonny ti bọ́ sínú òkun. Ọkọ̀ tí yóò bá lọ sí Port Harcourt kò ní ọ̀nà mìíràn ju iwájú rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ náà ni ilé-iṣẹ́ Shell-BP ti ń rọ epo rọ̀bì sínú àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ó ń gbé e lọ sí Yúróòpù.

Ọ̀gágun Benjamin Adékúnlé ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a bí sí Kàdúná, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Àkekèé Dúdú lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ ogun tí ó wà ní Èkó lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sọ di ẹ̀ka kẹta. Ọkọ̀ ogun NNS Nigeria wà lára àwọn tí ó lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni NNS Lokoja, ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan tí imú rẹ̀ máa ń ṣí wálẹ̀ bí ilẹ̀kùn kí ọmọ ogun lè ti inú rẹ̀ sáré jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù keje fi ṣú, Bonny ti bọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ó bá ti ka ìtàn Normandy ti ọdún 1944, níbi tí àwọn ọmọ ogun tí ó lé ní 150,000 ti wọ ilẹ̀ Faransé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, lè rẹ́rìn-ín sí ti Bonny pé ó kéré. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò mọ omi í wẹ̀, òkun kan náà ni.

Bàbá wa kò sì mọ omi í wẹ̀. Odògbólú kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ tàbí Èjìnrìn. Orí ilẹ̀ gbígbẹ ni àwa wà, oko ni àwọn baba wa ń ro. Ó ní kí òun tó wọ iṣẹ́ ológun, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun fi ojú rí òkun, ní Èkó, òkèèrè ni òun sì dúró sí. Oṣù keje ni wọ́n lọ, òjò kò sì dá. Ó ní èébì ni gbogbo àwọn ń bì nínú ọkọ̀ náà, tí ọ̀gá ń bì, tí ọmọ-ẹ̀yìn ń bì, tó bẹ́ẹ̀ tí ìbẹ̀rù ìbọn fi kúrò lọ́kàn òun. Ohun kan ṣoṣo tí òun ń bẹ Ọlọ́run fún ni ilẹ̀ tí kì í mì. Nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ sì ṣí, ilẹ̀ tí òun bẹ̀bẹ̀ fún ni òun kò rí. Omi dé àyà. Lẹ́yìn omi, ẹrẹ̀ dúdú ni, tí ó ń fa bàtà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó gbé ìbọn lé orí bí ẹni ru igi. Ẹsẹ̀ bàtà kan ni ó fi wọ Bonny. Ìkejì wà nínú ẹrẹ̀ títí di òní.

Mo bi í nígbà náà pé ta ni ó yìnbọn, ta ni ó ṣubú, àwọn mélòó ni wọ́n. Kò lè dá mi lóhùn. Ó ní èémí ẹni tí ó wà lẹ́yìn òun ni òun ń gbọ́, òun kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wo ta ni. Mo rò nígbà náà pé bàbá ti gbàgbé ni. Mo wá mọ̀ nísinsìnyí pé kò gbàgbé ohun kankan. Ohun tí ó rí náà nìyẹn. Ọ̀gá tí ó wà lórí ọkọ̀ ńlá ni ó ń rí ogun. Ẹni tí ó wà nínú omi, ẹrẹ̀ ni ó ń rí.

Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ìrántí rẹ̀ kò ti bá ìwé mu, ó sì yẹ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fetí sí i. Bàbá a máa wí pé, "Àwa Marine Commando ni a gba Bonny." Orúkọ náà kò sì tíì sí ní ọjọ́ tí wọ́n dà wọ́n sómi. Lẹ́yìn tí wọ́n gba Bonny tán ni Adékúnlé fúnra rẹ̀ sọ ẹ̀ka kẹta náà lórúkọ yẹn, láì gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ní Èkó. Ṣé irọ́ ni bàbá pa? Rárá o. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ni ó bí orúkọ, orúkọ náà sì padà lọ bo iṣẹ́ tí ó bí i mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìrántí gbogbo wa ṣe ń ṣiṣẹ́. Kí olùkọ́ má ṣe tìtorí èyí da ìtàn àgbà nù. Kí ó kàn mọ ibi tí ẹ̀wù tuntun ti bo ara àtijọ́.

Àwọn ọ̀gá ti kọ tiwọn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí ó gba ẹ̀ka kẹta lọ́wọ́ Adékúnlé ní ọdún 1969, kọ My Command ní 1980. Ìwé lẹ́tà ogun tí Adékúnlé kọ jáde ní 2004. Godwin Alabi-Isama, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá lábẹ́ Adékúnlé, kọ The Tragedy of Victory ní 2013, ó sì ta ko Ọbásanjọ́ lójú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé. Àríyànjiyàn wọn dùn ún kà, ṣùgbọ́n ta ni ó ṣètò, ta ni ògo tọ́ sí, ni olórí ìjà wọn. Àwọn tí bàtà wọn há sínú ẹrẹ̀ kò kọ ìwé. Ẹnìkan tí ó kọ, tí ó sì jẹ́ Yorùbá, láti inú ogun mìíràn ni: Isaac Fádoyèbọ̀, ará Emùré-Ilé, tí ìbọn àwọn ará Japan bà létí odò Kaladan ní Burma ní 1944. Àwọn ará abúlé kan ni ó fi í pamọ́, tí wọ́n ń fún un ní oúnjẹ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ọdún 1999 ni ìwé rẹ̀ jáde. Mo dárúkọ rẹ̀ nítorí pé àwọn ará etí omi wà nínú ìtàn tirẹ̀. Nínú ìtàn bàbá wa, ó pẹ́ kí n tó rí wọn.

Mo ti di olùkọ́ kí n tó bi í léèrè. Mo ní, "Bàbá, àwọn ará ìlú ńkọ́?" Ó dákẹ́ títí tí mo fi rò pé kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní nígbà tí àwọn wọ ìlú, àwọn yà sí ilé kan láti wò bóyá ẹnìkan sá pamọ́ síbẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìkòkò wà lórí iná lẹ́yìnkùlé, ọbẹ̀ ẹja sì ń hó nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rin ni wọ́n lóṣòó ti ìkòkò náà tí wọ́n sì jẹ ẹ́ tán. Láti Èkó ni wọn kò ti fi ohun gbígbóná kan ẹnu. Bàbá ní, "Ọbẹ̀ náà dùn. Ohun tí ó ń dùn mí náà nìyẹn."

Ẹ má ṣe gbàgbé pé àwa Ìjẹ̀bú ti wà létí omi rí, tí àwọn mìíràn sì fi ọkọ̀ wá bá wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí Túnwàṣe jẹ́ Awùjalẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó kó ọmọ ogun sọ́kọ̀ gba orí ọ̀sà, wọ́n sọ̀ wọ́n sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì ti ibẹ̀ kọjú sí Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú ìbọn Máàsímù, nítorí ọ̀nà òwò tí Ìjẹ̀bú kò fẹ́ ṣí. Ìmágbọ̀n ni ìjà ti le jù. Colonel Scott tí ó ṣáájú wọn kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Ìròyìn ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni. Ìròyìn tiwa, ẹnu ni a fi ń sọ ọ́, bàbá wa yìí náà sì gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá rẹ̀ àgbà. Ní ìrọ̀lẹ́ kan náà ni ó máa ń sọ ti Ìmágbọ̀n àti ti Bonny fún wa, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì. N kò gbọ́ kí ó fi ọ̀kan wé èkejì rí, èmi náà kò sì bi í.

Bonny náà kì í ṣe ahoro kí àwọn ọmọ ogun tó dé. Ìlú ọba ni, ìlú àwọn Pepple, tí àwọn ará Yúróòpù ti ń bá ṣòwò ẹrú kí wọ́n tó bá a ṣòwò epo pupa. Àwọn Yorùbá pàápàá ti gúnlẹ̀ síbẹ̀ rí, ní ìtumọ̀ dáadáa tí ọ̀rọ̀ náà ní: Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ni ó dá ìjọ sílẹ̀ níbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1860, ọmọ rẹ̀ Dandeson sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọdún pípẹ́. Lẹ́yìn tí ogun gba ìlú náà, Ken Saro-Wiwa ni ìjọba fi ṣe alábòójútó rẹ̀. Ẹ ka On a Darkling Plain tí ó tẹ̀ jáde ní 1989, kí ẹ lè rí ìlú náà lójú ẹni tí kò di ìbọn mú. Àwọn ọmọ ogun ní tiwọn kò dúró pẹ́. Nígbà tí Bìáfrà já wọ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹjọ tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀, wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn lọ síbẹ̀; ní oṣù kẹwàá, wọ́n tún dà wọ́n sómi ní Kálábá. Bàbá wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ sọ ti Kálábá.

Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1967 ti ń sún mọ́ ọgọ́rin ọdún. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín sí àwọn tí ó kù, kí wọ́n béèrè ohun tí ìwé àwọn ọ̀gá kò sọ: kí ni ẹ jẹ, kí ni ẹ bá nínú ilé. Kí ẹ̀yin tí ẹ bá sì ní akẹ́kọ̀ọ́ láti Bonny, láti Kálábá, láti Asaba, jẹ́ kí wọ́n béèrè tiwọn nílé.

Ilé ẹ̀kọ́ Federal Government College wà ní Odògbólú, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba dá sílẹ̀ kí ọmọ oríṣiríṣi ẹ̀yà lè jọ kàwé pọ̀. Àwọn ọmọ náà a máa gba iwájú ilé bàbá kọjá, òun a sì máa bi wọ́n ní ìlú wọn. Ní ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ní Bonny ni ìlú òun. Mo wà níbẹ̀. Bàbá bi í bóyá ìyá rẹ̀ àgbà wà láàyè. Ọmọ náà ní, "Ó wà láàyè, sà." Bàbá ní kí n wá ọsàn fún un. Kò bi í ní nǹkan mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ náà, kí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ jókòó lè dá sí i.