Wọ́nwọ́n Ojú Ara, Jẹjẹrẹ Ọrùn Ilé-ọmọ àti Ìtàn Kòkòrò HPV ní Ìlú Benin

Kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gba Ìlú Benin ní ọdún 1897, ọwọ́ àwọn olùwòsàn ìbílẹ̀ ni ìtọ́jú ara wà, àwọn ẹgbẹ́ Ewaise tí wọ́n jẹ́ oníṣègùn ààfin Ọba sì wà lára wọn, tí iṣẹ́ wọn dá lórí Osun, ìyẹn agbára tí àwọn Ẹdó gbà pé ó wà nínú ewé. Àìsàn ojú ara kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní gbangba nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tí ì di ohun tí à ń sọ ní gbangba títí di òní. Nígbà tí ilé ìwòsàn Yunifásítì Benin, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UBTH, ṣílẹ̀kùn ní Ugbowo ní ọdún 1973, kò sí onímọ̀ kan ní gbogbo àgbáyé tí ó tí ì fi ẹ̀rí hàn pé ìdílé kòkòrò kan náà, ìyẹn HPV, ló ń fa wọ́nwọ́n ojú ara, èyí tí í ṣe kókó kéékèèké tí ó ń yọ ní abẹ́ àti ní ìdí, àti jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ tí ó ń pa àwọn ìyá.

Ó pẹ́ kí ìwádìí lórí àìsàn méjèèjì tó pàdé. Ní ọdún 1842, oníṣègùn Rigoni-Stern ṣàkíyèsí ní Verona, ní ilẹ̀ Ítálì, pé jẹjẹrẹ ilé-ọmọ ṣọ̀wọ́n láàárín àwọn obìnrin ilé ìjọsìn tí wọn kì í lọ́kọ. Ní ọdún 1954, àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́nwọ́n yọ lára ìyàwó àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbé e bọ̀ láti Kòríà. Harald zur Hausen, ará Jámánì, ló wá ya HPV oríṣi 16 sọ́tọ̀ láti inú jẹjẹrẹ ní ọdún 1983, tí oríṣi 18 sì tẹ̀ lé e, iṣẹ́ tí ó gba ẹ̀bùn Nobel fún ní ọdún 2008. Oríṣi kòkòrò yìí ju 200 lọ: 6 àti 11 ló ń fa nǹkan bí ìdá 90 nínú 100 wọ́nwọ́n ojú ara, 16 àti 18 ló sì ń fa nǹkan bí ìdá 70 nínú 100 jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ. Nítorí náà, wọ́nwọ́n fúnra rẹ̀ kì í di jẹjẹrẹ lọ́pọ̀ ìgbà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí ó kó oríṣi kan lè ti kó òmíràn mọ́ ọn.

Ìfarakanra ara sí ara nígbà ìbálòpọ̀ ló ń gbé HPV kiri, ìdí nìyẹn tí kọ́ńdọ́ọ̀mù fi ń dín ewu kù láìlè mú un kúrò pátápátá. Ara ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣẹ́gun rẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ṣùgbọ́n wọ́nwọ́n lè fara pamọ́ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó yọ, nítorí náà kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni fi yíyọ rẹ̀ ṣe ẹ̀rí panṣágà, ẹ̀sùn tí ó lè tú ilé ká láìnídìí.

Ọdún 2006 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ìpínlẹ̀ Ẹdó sì wà nínú ìpele kejì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò ń dènà oríṣi 6, 11, 16 àti 18, nítorí náà ó ń dènà wọ́nwọ́n pẹ̀lú, ohun tí ó yẹ kí àwọn òbí gbọ́ ju bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ lọ, pàápàá bí àhesọ pé ó ń sọ ọmọ di àgàn ti ń tàn kálẹ̀ láìní ẹ̀rí kankan.

Ọdún 18 tí ó wà láàárín 2006 àti 2024 ni ìtàn yìí kò gbọdọ̀ fò. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Benin tí wọ́n dàgbà láàárín rẹ̀ ti di ìyá báyìí, abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ kò sì kàn wọ́n, bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 rí HPV lára nǹkan bí obìnrin kan nínú mẹ́rin ní Ìbàdàn, láìdín kù lára àwọn àgbà. Àyẹ̀wò ló kù fún irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ohun ìnira: nọ́ọ̀sì tí ó kọ́ iṣẹ́ náà a fi òwú tí wọ́n rẹ sínú omi kíkan bí ti fínígà kan ọrùn ilé-ọmọ, ibi tí ó ti ń bàjẹ́ a sì funfun láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, èyí tí wọ́n lè tọ́jú lọ́jọ́ kan náà, ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú kí ó tó di jẹjẹrẹ.