Ìgbẹ̀yìn Àìsàn: Prognosis àti Orúkọ Àbíkú ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn dókítà máa ń sọ lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn, tí kì í sábà yé àwọn ará ilé: prognosis. Èdè Gíríìkì ni ó ti wá. Pro ni ṣáájú, gnosis ni ìmọ̀. Diagnosis ni mímọ àìsàn tí ń ṣe ènìyàn. Prognosis ni sísọ ibi tí àìsàn náà yóò já sí: ṣé yóò lọ, ṣé yóò pẹ́ lára, àbí yóò pa ni. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ oníṣègùn. Ìwé Prognostikon wà lára àwọn ìwé àtijọ́ tí a kà sí ti Hippocrates.

Lọ́dọ̀ Ifá, bí odù bá ti hù, ìbò ni babaláwo fi ń wádìí bóyá ire ni tàbí ibi. Owó ẹyọ dúró fún bẹ́ẹ̀ ni, egungun fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá jẹ́ ibi, yóò tún béèrè: ṣé ikú ni, àrùn ni, tàbí òfò? Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ẹsẹ Ifá máa ń sọ ẹni tí a dífá fún, ohun tí ó mú un wá, ẹbọ tí a ní kí ó rú, bóyá ó rú u, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Àsọtẹ́lẹ̀ Ifá ní “bí” nínú. Ti dókítà náà ní i: bí aláìsàn bá lo oògùn, bí a bá tètè gbé e dé. Ẹni tí ó gbọ́ ọ bí ìdájọ́ ikú ti ṣì í gbọ́.

Àwọn baba wa a tilẹ̀ máa fi irú ọ̀rọ̀ yìí sínú orúkọ ọmọ. Málọmọ́ ń bẹ̀bẹ̀. Kúkọ̀yí ń sọ pé ikú ti kọ eléyìí. Kòsọ́kọ́ ní tirẹ̀ ń sọ fún ọmọ pé kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Orúkọ àbíkú ni, òun náà sì ni orúkọ ọba Èkó kan. Kòsọ́kọ́, ọmọ Ọba Ọ̀ṣínlókun, gun orí ìtẹ́ ní 1845. Ní oṣù Kejìlá 1851, àgbá ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé e kúrò, ó sì lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 wọ́n gbà kí ó padà. Àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí ibi tí a ń pè ní Èpètèdó títí di òní, tí kò jìnnà sí Ìsàlẹ̀ Gángan. Kò kú títí di 1872. Ọkọ́ pẹ́ kí ó tó dé!

Mo mọ̀ pé inú àwọn kan kì yóò dùn sí èyí, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ ọ́: àwọn dókítà gbà pé lára àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú, àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni ó pa ọ̀pọ̀, èyí tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹ wo orúkọ náà dáadáa. Ẹni tí ó sọ ọ́ ti wo bí ìrora ti ń dé, tí ó ń lọ, tí ó sì tún ń padà. Ní 1910 ni James Herrick ní Chicago kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn pé ẹ̀jẹ̀ pupa aláìsàn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Grenada, tẹ̀ bí dòjé.

Bí bàbá àti ìyá bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ jẹ́ SS. Ọmọ tí a tètè mọ̀, tí ó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, penicillin àti oògùn ibà, ìgbẹ̀yìn tirẹ̀ yàtọ̀ gan-an sí ti ẹni tí a kò yẹ̀ wò. Babaláwo tí a bá gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá bá, kí ó dífá, kí ó yan ẹbọ. Kí ó sì béèrè jẹ́nótáìpù òbí méjèèjì.