Asẹ́ Ẹnu Ibodè: Ìtàn Sísẹ́ Lẹ́tà Orí Kọ̀ǹpútà

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ti fi kọ̀ǹpútà kọ lẹ́tà pàtàkì sí ilẹ̀ òkèèrè rí, tí a retí èsì títí tí a kò rí i. A rò pé ẹni tí a kọ ọ́ sí kò kà wá kún ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà náà dé ẹnu ibodè, ṣùgbọ́n oníbodè kò jẹ́ kí ó wọlé. Oníbodè yìí kì í ṣe ènìyàn. Asẹ́ ni, tí àwọn onímọ̀ fi sínú ẹ̀rọ láti máa ya lẹ́tà burúkú kúrò lára lẹ́tà rere. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni bí asẹ́ náà ṣe di dandan, ibi tí a gbé e kọ́ sí, àti bí àṣẹ láti darí rẹ̀ ṣe bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí ó jókòó sínú ilé ara rẹ̀.

Ní ọdún 1971 ni Ray Tomlinson, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Bolt Beranek and Newman ní ìlú Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ fi lẹ́tà ránṣẹ́ láti orí kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn lórí ìsokọ́ra ẹ̀rọ tí a ń pè ní ARPANET. Òun náà ni ó yan àmì @ láti ya orúkọ ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ tí ń gba lẹ́tà fún un. Àwọn tí ń lo ìsokọ́ra náà nígbà náà kò pọ̀, ilẹ̀kùn ẹnìkọ̀ọ̀kan sì ṣí sílẹ̀ fún ẹnìkejì rẹ̀.

Síbẹ̀, àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní igi gọ́gọ́rọ́ má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975, Jon Postel kọ ìwé kúkúrú kan lórí ọ̀ràn lẹ́tà tí a kò fẹ́. Ó tọ́ka sí i pé kọ̀ǹpútà tí ń gba ọ̀rọ̀ kò ní ọ̀nà láti kọ èyí tí kò wù ú. Ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá rọ̀jò lé e lórí, dandan ni kí ó gbà á. Ọdún mẹ́ta kò tí ì pé lẹ́yìn náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi ṣẹ. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1978, Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ìpolówó ọjà ní ilé-iṣẹ́ Digital Equipment Corporation, kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí nǹkan bí 400 ènìyàn, ó ń pè wọ́n wá wo kọ̀ǹpútà tuntun ní California. Inú bí àwọn tí ó gbà á, àwọn alábòójútó ìsokọ́ra náà sì bá wọn wí. Ìbáwí tó nígbà náà, nítorí pé a mọ ẹni tí ó kọ lẹ́tà, a sì mọ ibi tí ó ti ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wọ inú ìsokọ́ra náà, ìbáwí kò tó mọ́. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1994, agbẹjọ́rò méjì, Laurence Canter àti Martha Siegel, tẹ ìkéde kan nípa ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ lórí Usenet. Irú ọ̀rọ̀ àìpè bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní spam. Orúkọ ẹran inú agolo ni, èyí tí ilé-iṣẹ́ Hormel ti ń tà láti ọdún 1937. Ní ọdún 1970, àwọn aláwàdà Monty Python ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe eré kan tí wọ́n ti ń pariwo orúkọ ẹran náà títí tí ọ̀rọ̀ mìíràn kò fi ṣeé gbọ́. Ìdí tí ó fi ń pọ̀ sí i kò fara sin. Ẹni tí ó bá fi ìwé ránṣẹ́ ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ń ra sítáǹpù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lórí kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan àti ọ̀kẹ́ kan lẹ́tà, ìnáwó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba fún ẹni tí ń kọ ọ́. Ẹni tí ń gbà á ni ìyà rẹ̀ ń jẹ.

Ibi tí a ó gbé asẹ́ kọ́ sí wá di ọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ètò POP tí a gbé jáde ní ọdún 1984, kọ̀ǹpútà ilé a máa lọ kó lẹ́tà lọ́dọ̀ sáfà, ìyẹn ẹ̀rọ ńlá tí ń gba lẹ́tà pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí ó bá dúró di ìgbà tí lẹ́tà délé kí ó tó sẹ́ ẹ ti ru èérí wálé; bí okùn tẹlifóònù tí a ń fi ìṣẹ́jú san owó rẹ̀ ni ó ń lò, ó ti sanwó ẹrù tí kò wúlò fún un. IMAP, tí Mark Crispin bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 1986, jẹ́ kí lẹ́tà máa gbé inú sáfà kí a sì máa kà á láti ilé. Ní ọdún 1990, Stephen van den Berg gbé procmail jáde, asẹ́ tí ó lè ṣiṣẹ́ nínú sáfà fúnra rẹ̀. Ó lágbára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a fún láyè láti wọ inú ẹ̀rọ náà, tí ó sì gbọ́ èdè rẹ̀ tí ó ta kókó bí ọfọ̀, nìkan ni ó lè darí rẹ̀.

Ọgbọ́n mẹ́ta ni àwọn asẹ́ wọ̀nyí fi ń mọ èérí. Èkínní ni ìwé orúkọ àwọn ẹ̀rọ tí ó ti ba ara wọn lórúkọ jẹ́, irú èyí tí Paul Vixie dá sílẹ̀ ní ọdún 1997. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni rere tí ó bá bá olè gbé ilé kan náà a máa bá a jìyà. Èkejì ni ti SpamAssassin, tí Justin Mason gbé jáde ní ọdún 2001. Ó ń fún àmì kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí olùkọ́ ti ń ṣe sí ìwé ìdánwò. Bí a kò bá yí i padà, lẹ́tà tí àpapọ̀ rẹ̀ bá dé 5 di èérí. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Mehran Sahami àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ nípa rẹ̀ ní ọdún 1998, tí àròkọ Paul Graham ní ọdún 2002 sì sọ di ohun tí ayé mọ̀. Ìṣirò Thomas Bayes, àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì tí ó kú ní ọdún 1761, ni ó fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára lẹ́tà tí ènìyàn ti yà sọ́tọ̀. Orúkọ òògùn tí ó jẹ́ àmì ẹ̀tàn nínú lẹ́tà agbẹjọ́rò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ iṣẹ́ òòjọ́ nínú lẹ́tà dókítà. Nítorí náà, olówó lẹ́tà gan-an ni ó yẹ kí ó kọ́ asẹ́ rẹ̀.

Ọ̀nà àti ṣe èyí láti ilé ni èdè Sieve, tí Tim Showalter kọ ìlànà rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2001. Asẹ́ gan-an ni ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ dín agbára rẹ̀ kù: kò lè pe iṣẹ́ mìíràn nínú ẹ̀rọ, kò sì lè máa yí po láìdúró, kí àlejò má baà ba ilé onílé jẹ́. Bí òfin kan bá kọsẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́tà kò ní sọnù. Inú àpótí olówó rẹ̀ ni yóò bọ́ sí. Ní ọdún 2010, ìlànà ManageSieve fi ẹsẹ̀ ọ̀nà múlẹ̀ tí ènìyàn fi lè jókòó sílé kọ òfin rẹ̀ ránṣẹ́ sí sáfà. Sáfà a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tọ́, a sì máa tẹ̀ lé e bí kọ̀ǹpútà ilé tilẹ̀ wà ní pípa.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Láti àwọn ọdún 1980 ni àwọn kan nílẹ̀ wa ti ń kọ lẹ́tà ẹ̀tàn sí òkèèrè, ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lórí fáàsì, lẹ́yìn náà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀ka 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn wa ni ó fún wọn lórúkọ. Ẹ̀tàn náà kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa: ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni a ti ń kọ irú rẹ̀ sí àwọn ènìyàn ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, pé ọlọ́rọ̀ kan wà lẹ́wọ̀n ní Sípéènì, kí wọ́n fi owó díẹ̀ tú u sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ Nàìjíríà ni a rí nínú àwọn òfin SpamAssassin. Àjọ EFCC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2003, òfin tuntun sì jáde ní ọdún 2006. Síbẹ̀, àbàwọ́n kò tètè ń kúrò lára aṣọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ń wá ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ àti oníṣòwò tí ń ta ọjà òtítọ́ ni ó ń pín nínú rẹ̀.

Kò sí ẹni tí ó lè ní kí a wó ibodè, nítorí èérí pọ̀ púpọ̀. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé asẹ́ tí a kò bojú tó a máa sọ olóòótọ́ nù pẹ̀lú olè, àti pé a ti fún wa ní àyè láti bojú tó tiwa. Kí olùkọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń kọ òfin rẹ̀, kí oníkálukú sì máa yẹ àpótí èérí rẹ̀ wò kí sáfà tó kó o dànù. Ìyá tí ń sẹ́ ògì a máa fún èérí dáadáa kí ó tó dà á fún ewúrẹ́, nítorí ó mọ̀ pé ògì lè ṣẹ́kù nínú rẹ̀.